Omi Ọmú Obìnrin Ìpetu

Ọdún kejì tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà ni wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé Rábíátù dé láti Òṣogbo. Gìrì ti mú un nínú oyún oṣù méje. A gbẹ̀bí rẹ̀, ọmọ yè, ìyá náà yè, ṣùgbọ́n ìyá kò mọ ibi tó wà. Ọmọ náà, obìnrin, kò kún ọwọ́ mi méjèèjì. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí iṣan lábẹ́ rẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n tọ́jú rẹ̀. Inú àpótí igi tí a fi òwú tẹ́ la tẹ́ ẹ sí, pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná lọ́tùn-ún lósì. Kò lágbára àtifa ọmú. Ọ̀pá rọ́bà tín-ínrín la tì gba imú rẹ̀ dé ikùn, ibẹ̀ la ń kán oúnjẹ sí ní wákàtí méjì-méjì. Mi ò lè jókòó. Bí mo bá yíjú sí ibòmíràn, ọkàn mi á sọ pé ó ti dákẹ́, mà á sáré padà, mà á gbé etí lé e láyà.

Sísítà, òyìnbó tó ń darí wọ́ọ̀dù wa, ní mílíìkì agolo ni kí n fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ikùn ọmọ wú, ó ń dán. Ó bì, èébì náà láwọ̀ ewé. Mo fi omi la mílíìkì náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ó tún bì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jáde lọ fọ abọ́, mo bá obìnrin kan lẹ́yìn wọ́ọ̀dù tó ń fún ọmú rẹ̀ dà sílẹ̀. Ìyá Wálé ni, ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ tó bí ti kú ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, a ò sì tíì tú okùn tí a fi rán ojú ibi tí ìyá náà ti ya nígbà ìbímọ. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá Wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un sínú abọ́ fún mi. Ọmọ kan ń kú lọ nínú ilé."

Ó wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí. "Èyí tọ́mọ tèmi ò rí mu?"

Ó nu ọmú rẹ̀, ó dìde, ó ń lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Gbé abọ́ náà wá. Ṣé o ti sè é nínú omi?"

Ibi tí mo ti ń kán an sí ọ̀pá ni Sísítà bá mi. Bí inú bá bí i, Yorùbá ló fi ń báni wí, ohùn rẹ̀ á máa gòkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Ẹ má bínú, Sísítà. Ẹ wo ikùn rẹ̀."

Ó wò ó títí. Ó bi mí ẹni tó ni omi ọmú náà, ó mú ìwé ìtọ́jú Ìyá Wálé, ó rí i pé a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, pé ó dára. "Ṣé o bi ẹbí ọmọ?"

Mi ò bi wọ́n. Mo lọ bá ìyá Rábíátù, arúgbó kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó jókòó síta pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé omi ọmú obìnrin mìíràn ni mo ń kán fún ọmọ.

"Ta lobìnrin náà?"

"Ará Ìpetu ni, Mámà. Onígbàgbọ́ ni."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìyẹn. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, ọmọ tó bá mu ọmú obìnrin ti di ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, káwọn ọmọ má baà wá fẹ́ra wọn lọ́la."

Ó gbà kí n máa fún ọmọ náà. Ọjọ́ kẹta, ikùn ọmọ rọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án, Rábíátù mọ ọmọ rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmú tirẹ̀, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán méjì, títí ó fi dà.

Mo ṣe iṣẹ́ yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò bú mílíìkì agolo. Níṣojú mi ló gba àwọn ọmọ tí kò rí ọmú mu là. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan ṣí i láìkọ́kọ́ wá ọmú kiri wọ́ọ̀dù, kó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Wálé ń lọ sílé, arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ní kó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.

"Wálé, Fúnmiláyọ̀, Bọ́ládé."

Arúgbó ń fi ìka kà wọ́n. "Mẹ́ta."

Ìyá Wálé ní, "Èyí tó lọ kò pé ọjọ́ mẹ́jọ. A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ."

Arúgbó na ìka kẹrin. "Ẹ̀gbọ́n ọmọ wa lòun náà," ó ní. "Mẹ́rin."