Ìbéèrè Kẹfà Nínú Ìdánwò Sáyẹ́ǹsì

Kì í ṣe èmi ló yẹ kí n máa kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. Ìmọ́tótó àti iṣẹ́ ilé ni wọ́n kọ́ mi nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́: bí a ṣe ń se oúnjẹ aláìsàn, bí a ṣe ń wẹ ọmọ tuntun, bí a ṣe ń rán aṣọ tó ya. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé-ẹ̀kọ́ wa ní Ẹ̀jìgbò rí àyè lọ kàwé sí i ní Ìbàdàn láàárín ọdún, wọn kò sì rán ẹnikẹ́ni wá dípò rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pè mí, ó ní kí n bá òun dì í mú títí ẹlòmíràn yóò fi dé. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni mo fi dì í mú.

Mọ́dáànù ni ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀nà àti lọ sí girama kò là fún, ti ń lo ọdún mẹ́ta. Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà náà. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì kìíní tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Àwọn kan wá láti inú ìlú, àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn wá láràárọ̀ láti Masifa àti láti àwọn abúlé ọ̀nà Ara. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ọkọ mi ń ṣe ní Òṣogbo, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ọmọ méjì wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀kẹta wà nínú. Bí mo bá rántí ọdún yẹn, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn ni ẹsẹ̀ mi tó wú, tí mo fi ń bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, tí mo ń fi ìró bò ó kí àwọn ọmọ má baà rí i.

Ìwé kan ṣoṣo ni ọkùnrin tó lọ yẹn fi sílẹ̀ fún mi, ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kọ, òjò sì ti pa apá kan rẹ̀. Ibi tó bá ṣeé kà, mo kà á. Ibi tí kò bá ṣeé kà, mo fi ọgbọ́n orí dí i. A kọ́ nípa afẹ́fẹ́, a kọ́ nípa irin tó ń dípẹtà. Nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ ooru, omi òjò ti jẹ ojú ìwé náà tán. Mo bá sọ fún wọn pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó lábẹ́ omi ni omi náà yóò ṣe gbóná tó, pé omi tó ń hó pàápàá, bí a bá tún kó igi sí i, yóò máa gbóná sí i ni. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n dà á kọ. Ta ni yóò jiyàn rẹ̀? Láti ọmọ ọdún méje ni èmi náà ti ń dáná.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, mo ṣe ìdánwò fún wọn, ìbéèrè mẹ́wàá, máàkì mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kẹfà ní: omi ń hó lórí iná, bí a bá kó igi sí i, ǹjẹ́ omi náà yóò gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ? Sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ igi ọsàn, ni mo ti ń wo ìwé wọn. Ọyẹ́ ti dé, mo fi òkúta tẹ àwọn ìwé náà mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé wọn lọ. Ogún àkọ́kọ́, mo fara balẹ̀ kà wọ́n. Nígbà tí mo fi máa dé ogójì, n kò kàwé mọ́, mo kàn ń wá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ rí. Ibi tí mo bá ti rí “bẹ́ẹ̀ ni” níwájú ìbéèrè kẹfà, mo fi àmì rere sí i, mo sì kọjá. Gbogbo wọn ló kọ “bẹ́ẹ̀ ni”. Ọmọbìnrin kan láti Masifa nìkan ló kọ ọ́ báyìí: “Rárá. Kò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò kàn tètè gbẹ ni, igi yóò sì ṣòfò.” Mo fi gègé pupa fa ìlà kọjá lórí rẹ̀. Mo rò pé ọmọ náà kò gbọ́ ìbéèrè yé ni.

Méjìdínlógójì ni gbogbo máàkì rẹ̀. Ogójì ni ẹni tó máa gòkè gbọ́dọ̀ ní.

Ọmọ tó ga ni, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ tí mo dá ìwé padà fún wọn, ó dúró títí àwọn tó kù fi jáde, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìbéèrè kẹfà. Mo ti dán an wò nílé mà.”

Mo sọ fún un pé ohun tí mo kọ sójú pátákó ni ìdáhùn, kó máa lọ. N kò bínú sí i, n kò sì jágbe mọ́ ọn. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ọmọ mi kékeré ní ibà nílé, mo sì fẹ́ tètè dé ibẹ̀. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ.

A gba ìsinmi. Ìyá ọkọ mi dé láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn láti wá dúró tì mí títí n ó fi bímọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tó dé, mo ń se iṣu, ebi ń pa àwọn ọmọ, mo sì ki igi kẹta bọ inú ààrò kí iṣu lè tètè jinná. Ìyá na ọwọ́, wọ́n fa igi náà yọ.

Wọ́n ní, “Omi tó ti hó ti hó, ìyàwó mi. Igi lo kàn ń fi ṣòfò.”

Mo ní ṣebí bí iná bá pọ̀ iṣu yóò yá. Wọ́n bi mí pé ta ló sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n sọ ti gbá mi láyà, “ṣòfò” yẹn. Ibi tí mo ti rí i kọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó wá ni ìlà pupa tí mo fà kọjá lórí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìkòkò méjì tí wọn kò tóbi jura lọ sórí ààrò méjì. Mo gé iṣu kan náà, mo bu omi kan náà sí wọn. Nígbà tí méjèèjì hó, mo kó igi sábẹ́ ọ̀kan títí iná fi ń lá ara ìkòkò. Mo fa igi yọ lábẹ́ èkejì, ó ku ìwọ̀nba tí kò ní jẹ́ kí híhó rẹ̀ dá. Mo jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, mo ń fi gún iṣu wò lọ́tùn-ún lósì. Ìgbà kan náà ni méjèèjì rọ̀. Omi ìkòkò oníná ńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, èkejì ṣì ní omi dáadáa. Mo tún un ṣe ní ọjọ́ kejì, nítorí mo fẹ́ kó jẹ́ irọ́. Ìyá bi mí pé ta ni yóò jẹ gbogbo iṣu yìí.

Mo mú ìwé ọmọ náà, mo lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nílé rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gbé, àgbàlagbà tó ti ń súnmọ́ ìfẹ̀yìntì, tí ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ikọ́ rẹ̀ sinmi. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sínú ìwé èsì ìdánwò. Mo ṣàlàyé fún un. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sè é.

Ó ní, “Bí ẹ bá fún òun ní máàkì, ẹ ó gba tọwọ́ àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta yòókù. Mélòó ni yóò féèlì?”

Mo ti kà á kí n tó kúrò nílé. Mo ní mọ́kànlá ni.

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohunkóhun lára rẹ̀. Ó ní kí n fi kún ti ọmọbìnrin náà, kí n má fọwọ́ kan tàwọn yòókù. Mo sọ fún un pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀, pé àwọn yẹn gba máàkì lórí ohun tí kì í ṣe òótọ́. Ó ní òun mọ̀. Ó ti gègé bọ inú yíǹkì, ó nà án sí mi. Mo fa ìlà sí méjìdínlógójì, mo kọ méjìdínláàádọ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó sọ èyí tó wúwo jù fún mi. Bàbá ọmọ náà ti wá bá a ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní ọmọ òun kò ní tún kíláàsì ka, pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó ń tajà ní Àbíjàn wà nílé, yóò sì mú un lọ tó bá ń padà.

N kò rán ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo gba ọ̀nà Masifa lọ. Ọ̀nà náà kò jìn fún ẹni tí kò gbé oyún, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, tí mo ń wo oko ẹ̀gẹ́ tí eruku ọyẹ́ ti bò. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, oòrùn ti mú. Bàbá ọmọ náà wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó sórí ẹní, ó ń di ẹrù, ó sì ń da èdè Faransé mọ́ Yorùbá tó ń sọ. Nínú àgbàlá, ìkòkò ẹ̀wà ńlá wà lórí iná, ìyá ọmọ náà dúró tì í. Ẹ̀wà sísè ni obìnrin náà ń tà. Mo wo abẹ́ ìkòkò náà. Igi méjì péré ló wà níbẹ̀, iná wọn rọra ń jó.

Wọ́n fún mi lómi. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ní ọmọ wọn kò féèlì, èmi ni mo kọ́ kíláàsì ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ wọn nìkan ló gbà á.

Ìka bàbá náà dúró lórí tẹ̀súbáà.

Ó ní, “Mo nà án, Tíṣà. Ó sọ fún mi pé òun gbà á, mo ní irọ́ ló ń pa mọ́ tíṣà rẹ̀, mo sì nà án.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ìwé kò ní parí, ọmọ tó bá sì ti mọ ọjà í tà ti mọ nǹkan. Bàbá náà ní kí ẹ̀gbọ́n òun má bínú, ọmọ kò ní bá wọn lọ mọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tí kò sí agbára àti jiyàn mọ́ lára rẹ̀.

Ọmọ náà wọlé pẹ̀lú igi lórí. Ó rí mi, ó sọ igi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un lójú àwọn òbí rẹ̀, nítorí mo ti pinnu lọ́nà pé bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe. Mo ní, “Ìwọ lo gbà á. Èmi ni mo ṣì í.”

Ó wolẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun mà.” Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá òun lè lọ wo ẹ̀wà.

Ó padà sílé-ẹ̀kọ́ nígbà tí a wọlé, ó ti pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti bí ọmọ mi, wọ́n sì ti fún mi ní ìsinmi. Oṣù tó tẹ̀lé e ni mo tó padà sí iwájú wọn ní kíláàsì kejì. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo sọ fún gbogbo wọn pé ohun tí mo kọ́ wọn nípa omi tó ń hó kì í ṣe òótọ́, mo sì kọ èyí tó tọ́ sójú pátákó. Wọ́n fa ìlà sí ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n da tuntun kọ. Ojú tí wọ́n fi kọ èyí àkọ́kọ́ náà ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan.

Ọmọbìnrin náà kò tún na ọwọ́ sókè ní kíláàsì mi. Mo gbìyànjú. Ní sáà kejì, mo ní kí olúkúlùkù gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì nílé, kí wọ́n bo ọ̀kan kí ìmọ́lẹ̀ má dé ibẹ̀, kí wọ́n wá kọ ohun tí ojú wọn rí. Ìwé tirẹ̀ ló mọ́ jù, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi gan-an, bí mo ṣe sọ ọ́ nígbà tí mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo bi í bóyá ó gbin ẹ̀wà náà.

Ó ní, “Rárá mà.”

Mo bi í pé kí ló dé.

“Mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ mà.”

Kò sí àfojúdi nínú ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Mo wò ó, ó wo ilẹ̀. Ìwé méjìlélọ́gọ́ta ṣì wà níwájú mi, wàrà sì ti ń jò sára aṣọ mi nítorí ọmọ tó wà nílé. Mo fún un ní máàkì tó yẹ ìwé náà, ó sì pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ.

Bó ṣe ṣe é nìyẹn títí ó fi jáde, ipò kejì nínú gbogbo kíláàsì. Àwọn mọ́kànlá tí ìbéèrè kẹfà gbà là yẹn náà jáde. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ti di tíṣà ní Ara. Ní ọdún tí wọ́n jáde yẹn, ọkùnrin kan dé láti wá gba sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ mi, mo sì kó ọmọ mẹ́ta lọ bá ọkọ mi ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti fún mi ní ìmọ́tótó àti iṣẹ́ ilé kọ́.