Lẹ́ńsì Tí Yàrá Ìyá Mi Gbà

Dókítà ojú ní èyí tó ti lọ nínú ìríran ìyá mi kò ní padà mọ́, pé kí a máa kán oògùn sí i ká lè di èyí tó kù mú, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ bí yóò ti pẹ́ tó. Mo mú ìyá mi padà sí yàrá rẹ̀ ní Boribana, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Abidjan. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó tú gèlè, ó ní, "Ya fọ́tò kan tó dáa fún mi kí ojú yìí tó lọ tán. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i."

Ìtìjú mú mi. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun ní Abidjan láti ọdún mẹ́rìnlá, síbẹ̀ n kò ní àwòrán ìyá mi kan tó ṣeé gbé kọ́. Gbogbo ará ilé ló wà lára ògiri rẹ̀: bàbá wa olóògbé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ wọn. Tirẹ̀ kò ju ti káàdì ìdánimọ̀ lọ, níbi tó ti dà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ewúrẹ́ ẹlòmíràn. Tèmi ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá, nítorí ẹni tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ kì í sí nínú àwòrán.

Iná fíláàṣì ni kò jẹ́ kí ìyá mi ní àwòrán. Tí iná yẹn bá kọ mọ̀nà sí i lójú lẹ́ẹ̀kan, omi ni yóò máa bọ́ lójú náà títí di ọjọ́ kejì. Oòrùn òde náà ò gbà fún un mọ́, nítorí náà inú yàrá yẹn ni mo ti gbọ́dọ̀ yà á, láìtan iná kankan. Fèrèsé kan péré ló sì ní, ògiri aládùúgbò ló dojú kọ. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé, ẹnu ọ̀nà ló ń gbà. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà mi wá, èyí tó ń fà jáde tó sì ń sún wọlé, kò ríran níbẹ̀. Àwòrán á ṣú, tàbí kó ṣe hóró-hóró bí àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ti ibí, nínú abọ́.

Lẹ́ńsì tí mo nílò ni èyí tí kì í sún rárá, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ayàwòrán ni yóò máa sún, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ là gbàràgàdà tó fi lè mu ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá rí. Èwo nínú wọn wá ni? Láàárín àwa ayàwòrán, bí o bá ti dárúkọ fọ́tò ojú ènìyàn, lẹ́ńsì ọgọ́rin ó lé márùn-ún ni gbogbo ẹnu ń pè. Èyí ni lẹ́ńsì gígùn tó ń mú ojú dán, tó sì ń yọ́ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn bí òrí tó rí oòrùn. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù mí. Kí n má parọ́, mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí i lọ́wọ́ mi pẹ̀lú.

Ọkùnrin Jula kan ń ta kámẹ́rà nínú ọjà Adjamé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un, ó gbé lẹ́ńsì náà sílẹ̀, ó bi mí pé, "La chambre de la vieille-là, c'est grand comment?" Bí yàrá ìyá mi ti tóbi tó ló ń béèrè. Inú bí mi. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé Boribana ni ìyá mi ń gbé, mo sì rò pé ó fẹ́ fi ilé wa ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo dá a lóhùn pé yàrá ìyá mi gba ènìyàn mẹ́wàá. Irọ́ kọ́, a máa ń tó mẹ́wàá níbẹ̀ nígbà ìṣínu ààwẹ̀, bí olúkúlùkù bá ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dáadáa. Ó gbé èjìká sókè, ó wé lẹ́ńsì náà fún mi.

Mo dé Boribana lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìgbéraga mi lọ́rùn. Ìyá mi ti wọ aṣọ òfì rẹ̀ tó ti Ìsẹ́yìn wá, ó jókòó sórí ibùsùn. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, orí àti ọrùn rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo sún sẹ́yìn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kan wà láàárín agbada omi àwọn ará ilé, síbẹ̀ n kò rí ju àyà rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kíyè sí i pé yàrá ti ṣókùnkùn. Èmi gan-an ni mo dí ẹnu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ni mo bá la ojú lẹ́ńsì náà dé ibi tó mọ, mo ní ó di dandan kó ríran, mo sì yà á.

Ìyá mi gba kámẹ́rà, ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Bí ó ṣe ń ríran nìyẹn báyìí, àárín nìkan ló kù. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló pa ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì òun rẹ́. Òótọ́ ni. Bí lẹ́ńsì bá là tó bẹ́ẹ̀, ibi tínńrín ló ń mú: ilà mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún hàn kedere, àwọn ti òsì ti yọ́ lọ. Wọ́n kọ ọ́ nílà ní Ṣakí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, mo sì fi ẹ̀rọ olówó ńlá pa ìdajì rẹ̀ rẹ́. Ó tún béèrè ọwọ́ rẹ̀. Lójú àwọn ìran tirẹ̀, àwòrán tí kò bá fi ọwọ́ méjèèjì hàn lórí orúnkún, àti ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, àwòrán ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ ni.

Kò bínú, ó kàn ní bí ó bá le, kí n fi sílẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo ní n kò ní fi sílẹ̀, mo sì béèrè bóyá ó ní okùn tí mo lè fi wọn yàrá náà.

Kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, "Ìṣísẹ̀ márùn-ún ni láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Mẹ́ta dé ìdí omi mímu mi."

Mo bi í pé ìgbà wo ló kà á. Ó ní láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá, pé òun máa ń dijú rìn ín ní òwúrọ̀ kí ó lè mọ́ òun lára. Mo jáde lọ síbi agbada omi, mo sunkún níbẹ̀, mo sì bọ́jú mi. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó di dandan kí ìyá mi rí àwòrán yẹn.

Mo padà sí Adjamé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo bẹ ọkùnrin yẹn, mo sọ òótọ́ yàrá náà fún un. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kó ẹrù kúrò lọ́nà ìsọ̀ rẹ̀ kí n lè rin ìṣísẹ̀ márùn-ún, mo sì rìn ín ní ìrìn ìyá mi, tí kì í gbé ẹsẹ̀ jìnnà. Ó jókòó sórí àpótí ní ìpẹ̀kun. Bí nọ́ńbà lẹ́ńsì bá ti kéré tó ni ibi tó ń rí ti gbòòrò tó. A gbé lẹ́ńsì àádọ́ta wò, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kò wọlé. A gbé márùndínlógójì, gbogbo rẹ̀ wọlé, bàtà rẹ̀ pàápàá wọlé. Mo ṣì ń jiyàn. Wọ́n ti kọ́ wa pé márùndínlógójì máa ń mú imú ènìyàn wú. Ó ní, "C'est quand tu colles que ça gonfle. Recule." Ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ ènìyàn ni imú ń wú fún, kí n sáà ti ṣe sẹ́yìn. Ó gba lẹ́ńsì gígùn náà padà, ó fún mi ní kúkúrú yìí. Kò tóbi ju ife tíì lọ, kò sì sí ẹni tó máa tìtorí rẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti ṣọ́ ilé náà. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn máa ń kan páànù aládùúgbò, ìmọ́lẹ̀ á sì ta padà wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó di àkókò yẹn lọ́jọ́ kejì, mo gbé àga ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, èmi gun orí ibùsùn, mo fẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ògiri. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò la ojú lẹ́ńsì náà tán. Mo pa á dé díẹ̀ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì lè wọlé pọ̀. Ìyá mi tẹ́ ọwọ́ lórí orúnkún, ó di ẹnu, ó wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Mo yà á.

Nígbà tí mo gbé èyí tí mo tẹ̀ sórí ìwé ńlá dé, ó mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi ìka ka ilà. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ó ka ìka ọwọ́, ó wo ẹsẹ̀. Ó ní ó pé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo ti ń wá ìṣó tí n óò fi gbé e kọ́.

Ó ní, "Gbé kámẹ́rà yẹn fún mi, kí o lọ jókòó sí àga. Ojú tèmi, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Tìrẹ ni mo fẹ́ wò kó tó ṣú."

Mo gbé kámẹ́rà náà. Mo to gbogbo rẹ̀ fún un, mo gbé ìka rẹ̀ lé ibi tí yóò tẹ̀. Ó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ dé ibùsùn, ó jókòó síbi tí mo ti ya tirẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì lórí orúnkún. Ó pẹ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí ó ń wò mí lápá kan, ó tún ń wò mí lápá kejì. Àwòrán náà wọ́ díẹ̀, ojú mi sì pọ́n nínú rẹ̀. Ó wà lára ògiri náà báyìí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ti ń bà á, ní ìṣísẹ̀ méjì sí ibùsùn rẹ̀.