Àìsàn Tí Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Kò Ṣe

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń fọ́nnu pé òun mọ òfin, ara mi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí.

Kápẹ́ńtà ni mí ní Agége nígbà náà, kí òmìnira tó dé, lásìkò tí wọ́n ń gé oko obì lulẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ilé iṣẹ́ sí ọ̀nà Ìkẹjà. Mo ra ìwé òfin kóòtù kan tí kò léèpo mọ́ lọ́wọ́ obìnrin tó fẹ́ fi wé àkàrà, mo sì kà á tán lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ pé bí a ti ń ka ọjọ́ ọjà kọ́ ni kóòtù ń ka ọjọ́. Àwa a máa ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ kò sí nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìkíní. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń dá àwọn oníbàárà mi dúró kí n lè ṣàlàyé rẹ̀.

Opó ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní màmá. Oko obì tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni màmá fi ń jẹun. Ará àdúgbò kan ní tòun ni, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre. Ní ọjọ́ kẹsàn-án sí i, bí kóòtù ti ń kà á, ẹ̀gbọ́n màmá ọkùnrin, tí í ṣe olórí ẹbí, kú. Nílé wọn, bí òkú bá ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ bá ènìyàn ṣẹjọ́ títí wọn yóò fi ṣe àdúà ogójì ọjọ́. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì láti sọ pé ọjọ́ ń lọ.

“Omi tí a fi wẹ ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbẹ,” màmá ní, “o ní kí n lọ máa fa ẹlòmíràn lẹ́wù ní kóòtù. Ojú ò tì ọ́?”

Nígbà tí a dé kóòtù lọ́jọ́ kejì àdúà náà, a ti fi ọjọ́ mọ́kàndínlógún pẹ́. Kò bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá pẹ́ lè tọrọ àfikún ọjọ́, bó bá búra sọ ìdí tó fi pẹ́, tí ìdí náà sì tẹ́ adájọ́ lọ́rùn. Àwa sì ní ìdí.

Èkó ni lọ́yà wa ń gbé. Akọ̀wé rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo ìwé, lórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù. Ó ń jẹ ẹja díndín bí a ti ń sọ̀rọ̀, ó sì ń fi ìka olóròóró yẹn ṣí ìwé.

“Ọ̀fọ̀ kẹ̀? Adájọ́ òyìnbó lẹ fẹ́ sọ ìyẹn fún? Àìsàn ni wọ́n ń gbà.”

Ó fa ìdì ìwé kan yọ. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: ibà líle, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Àyè orúkọ àti iye ọjọ́ tí ènìyàn fi pẹ́ nìkan ló ṣófo. Mo ṣí mẹ́rin wò. Ibà kan náà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún kan náà, bí ẹni pé gbogbo Agége ló jọ dùbúlẹ̀.

“Ìbúra ni o, ẹ̀gbọ́n,” mo ní.

“Lọ́yà Pákó!” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ fẹ́ jàre ni, àbí ẹ fẹ́ ṣe wàásù?”

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ka ìwé náà láti òkè délẹ̀. Mo rí i pé ogún ọjọ́ ló kọ. Mo ní kó tún un ṣe, mọ́kàndínlógún ni. Ó tún un ṣe, inú mi sì dùn. Òfin ní kí wọ́n kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ojú ìwé tó wà gan-an. Akọ̀wé kò kà á. Èmi náà kò kà á. Ó fa àtàǹpàkò màmá bí ẹni fa ewúrẹ́ létí, ó tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ irọ́. Màmá wojú mi. Mo ní kò séwu.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ògbufọ̀ ka ìwé náà sókè ní Yorùbá. Màmá dìde.

“Èmi kẹ̀? Olúwa mi, ẹ má fàìsàn bú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi, n ò fẹ̀yìn lélẹ̀ ní ọsibítù.”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rín. Ó béèrè ibi tí wọ́n wà nígbà náà.

“Ilé ọ̀fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kú. Ta ni yóò fi òkú sílẹ̀ wá jà?”

Adájọ́ ní bó bá ṣe pé ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, òun ìbá rò ó wò. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a búra lé lórí ló wà níwájú òun. Kò fún wa ní ọjọ́ kankan. Bí a ti ń jáde, akọ̀wé lọ́yà ti ń tẹ́ ìwé ibà fún ẹlòmíràn.

“Ìwọ lo mọ̀wé,” màmá ní. “Ṣé o ka ohun tó kọ?”

“Mo kà á, màmá.”

“O mọ̀ pé irọ́ ni?”

“Mo mọ̀.”

Wọn kò bú mi. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀nà Agége nínú oòrùn. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dúró, wọ́n ní kí n kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a jọ ń lọ ni.

Mo kọjá.