Ìbéèrè Bàbá Ọ̀kan-Méjì

Gbogbo yunifásítì ló mọ ohùn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọn ò mọ̀. Kí ìpàdé kankan tó bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ńlá, òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, á so wáyà mọ́ wáyà, á fi ìka gbá makirofóònù lórí, á ní, "Ẹ ǹlẹ́ o. Ọ̀kan, méjì."

Bàbá Ọ̀kan-Méjì.

"Bàbá, mẹ́ta ńkọ́?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

"Mẹ́ta dọwọ́ ọ̀gá." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

Òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀ ni. Bí ìwé rẹ̀ ṣe wí nìyẹn. Ìgbà díẹ̀ náà ti di ọdún mọ́kàndínlógún. Bí oṣù mẹ́fà bá ti pé, akọ̀wé gbọ̀ngàn á tẹ ìwé tuntun, bàbá á tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó di oṣù mẹ́fà mìíràn. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ló ti kọ sókè pé kí wọ́n sọ òun di òṣìṣẹ́ gidi. Kò sí èsì. Òfin ibẹ̀ sì ni pé onígbà-díẹ̀ tó bá pé ọgọ́ta ọdún, ilé yá, lọ́wọ́ òfo.

Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò pé ọgọ́ta.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ló rí ìwé ìkéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nínú àpò ṣòkòtò tó fẹ́ fọ̀. Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, Ìfaradà àti Ìdájọ́ Òdodo. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń bọ̀ láti òkè òkun. Ọ̀gá àgbà yunifásítì fúnra rẹ̀ yóò wà ní ìjókòó.

"Bàbá ọmọ mi, ta ni yóò gbé makirofóònù?"

"Èmi náà ni."

"Àwọn oníbéèrè á gbà á lọ́wọ́ yín?"

"Rárá o. Èmi ni mo máa ń nà án sí wọn lẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gbà á bú ọ̀gá rí."

"Ó dáa. Ẹ nà án sẹ́nu ara yín náà. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ọjọ́ mẹ́jọ ni bàbá fi kọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sórí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa. A ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó ní àwùjọ tí kò bá gbọ́ ohùn ẹni ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ ti di. Àtẹ́wọ́. Bàbá náà pàtẹ́wọ́, makirofóònù lábẹ́ abíyá.

Ìbéèrè kìíní. Ìbéèrè kejì. "Ó ku ẹyọ kan," ni alága wí. Ọwọ́ pọ̀ lókè bí igbó. Bàbá dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó na makirofóònù sẹ́nu ara rẹ̀. Orí mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ahọ́n ti mọ ọ̀nà ibòmíràn.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ọ̀kan, méjì."

"Mẹ́ta!" ni wọ́n kígbe lẹ́yìn. Ẹ̀rín bo gbogbo ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń—"

"Ó ń dún, Bàbá! Ó ń dún gan-an!"

"Mo ní mo ti ń ṣe onígbà-díẹ̀—"

Alága ń nu omijé ẹ̀rín lójú. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó ń dán ẹ̀rọ wò ni. Bàbá, ó ti dáa. Ẹ gbé e fún obìnrin ẹlẹ́wù pupa yẹn."

Ó gbé e fún un. Ọ̀gá àgbà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé gbọ̀ngàn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ajé, akọ̀wé náà pè é. "Bàbá, ẹ mọ̀ pé mi ò ní yín sínú."

"Mo mọ̀, mà."

"Bí wọ́n bá bi mí lókè ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn, kí ni kí n wí?"

"Ẹ ní mo béèrè ìbéèrè."

"Ìbéèrè wo? Ta ló gbọ́ ọ?"

Ó nawọ́ sí páálí gígùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀pá irin tí wọ́n ń gbé makirofóònù lé ló wà nínú wọn. Láti ìsinsìnyí lọ, oníbéèrè ni yóò máa rìn lọ bá a. Kò ní í sẹ́ni tí yóò máa gbé e kiri mọ́.

"Ẹ bá wa tò wọ́n, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n tò."

"Ìwé oṣù mẹ́fà mi ńkọ́, mà?"

Ó wo tábìlì. Ó ṣí ìwé mìíràn.

Bàbá to ti àkọ́kọ́, ó dúró ṣinṣin. Nọ́ọ̀tù èkejì ò mú dáadáa, sípánà gbọ̀ngàn sì ti jẹ lẹ́nu. Ó rìn lọ sílé lọ mú sípánà tirẹ̀ wá, kí irin má baà wó lu ẹnikẹ́ni.