Orúkọ Tí Kò Sí Lára Àmù Màmá

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo ti wẹ̀, tí mo ti múra tán. Kì í ṣe pé ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó jìn. Inú ló ń bí mi, inú bíbí kì í sì í jẹ́ kí èèyàn rí oorun sùn. Lẹ́tà kan wà nínú báàgì mi tí mo tẹ̀ sójú ewé kan ṣoṣo. Ẹ̀sùn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, mo sì fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kàwé ìtàn jáde ní yunifásítì, tó sì tún fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama, á mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀sùn.

Mo rò pé Màmá ṣì ń sùn. Bí mo ṣe fẹ́ rọra ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì.

“Ìyàwó, o ti ń lọ?”

“Mo ti ń lọ, Màmá.”

“Sọ fún wọn pé èmi ni mo mọ ọ́n o.”

Màmá yìí ni ìyá ọkọ mi. Ọkọ mi ti lọ sinmi láti ìgbà tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ mi, èmi náà kò sì fẹ́ kí wọ́n kúrò. Amọ̀kòkò ni wọ́n ní Ìjarè kí ojú wọn tó di bàìbàì. Àmù ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ jù, àmù omi mímu, tí omi inú rẹ̀ máa ń tutù ju ti fíríìjì tí iná kì í sí fún lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé ní Oǹdó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì kan níbẹ̀ ń pàtẹ àwọn ohun ọnà tí wọ́n ti kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì to iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn mọ́ ọn. N kò ní dárúkọ yunifásítì náà. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Màmá gbé fóònù náà sún mọ́ ojú wọn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Wọ́n ní, “Uṣẹ́ mi rèé.” Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìjarè ṣe ń pe iṣẹ́. “Wo ìlà kẹrin. Kò pé.”

Lóòótọ́ ni. Ìlà mẹ́ta yí ọrùn àmù náà ká, ìkẹrin dé ìdajì, ó dúró. Èmi gan-an ni mo fà á. Ọjọ́ tí Màmá ń fín ìlà yẹn lẹ́yìnkùlé ni ìrọbí ọmọ mi àkọ́kọ́ mú mi nínú yàrá. Wọ́n sọ igi tí wọ́n fi ń fínlà sílẹ̀, wọ́n sáré wọlé tọ̀ mí wá, amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn dé ìgúnpá. Ìgbà tí wọ́n fi máa padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, amọ̀ ti le. Wọ́n ní kó máa wà bẹ́ẹ̀.

Káàdì kan wà nísàlẹ̀ àmù náà nínú fọ́tò. Mo fẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tóbi, mo kà á fún wọn: “Ìkòkò ẹbọ. Èkìtì. A kò mọ ẹni tó ṣe é. Ìlà tí kò pé dúró fún ọ̀nà tó wà láàárín alààyè àti òkú.”

Màmá ní, “Ta ló kú?”

Wọ́n tún ní, “Orúkọ mi ńkọ́?”

“Wọn ò kọ ọ́, Màmá.”

Wọ́n ní, “Àwọn tó ń pè mí lórúkọ ti tán, Ìyàwó. Bàbá mi lọ, ìyá mi lọ, ọkọ mi lọ, àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Ìyá Ìjọ ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá wà lára àmù yẹn ni, ẹnìkan á máa rí i pè.”

Ìdí tí mo fi wọ mọ́tò nìyẹn.

Ní gáréèjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibi tó yẹ kí èèyàn mẹ́ta jókòó sí, dírẹ́bà ní ká jókòó ní mẹ́rin. Mo sọ fún un pé kò bófin mu.

“Màmá Tíṣà,” ó ní. N kò sọ fún un pé tíṣà ni mí. “Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín, ẹ ò kúkú gba àyè. Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù fúnra wa.”

“Bí o bá já mi sí kòtò, sùúrù ni wọ́n máa fi to egungun mi?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀yin ará mọ́tò, ẹ bá mi bẹ Màmá, ìbínú yìí ti wúwo ju ẹrù ẹ̀yìn bùùtù lọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Mo ń ka lẹ́tà mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìkùukùu ṣì bo oko kòkó lọ́tùn-ún lósì. Kòtò wà níwájú Òwẹnà tí gbogbo mọ́tò fi ń bọ́ sí apá ibi tí kì í ṣe tiwọn. Ní Òwẹnà fúnra rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń rí: odidi odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí wọ́n gbé ti ara wọn lẹ́bàá títì, àwọn obìnrin sì ń sáré tẹ̀lé mọ́tò. Ìdajì owó tí wọ́n ń tà á fún mi ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ń tà á níbẹ̀. Mo ra bọ̀ọ̀lì méjì, mo jẹ ẹ̀yọ kan. Nígbà tá a máa fi kọjá Bọ́lọ́rundúró, oòrùn ti là, wọ́n ti ń sá kòkó sójúde. Kò tíì tó aago mẹ́sàn-án nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní Oǹdó, mo gun ọ̀kadà dé ẹnu géètì.

Gbọ̀ngàn kan ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n to iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà: àwòrán ọjà, àga tí wọ́n fi táyà àlòkù ṣe, orí obìnrin tí wọ́n gbẹ́ lára igi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì: orúkọ, orúkọ bàbá, ẹ̀ka ẹ̀kọ́, nọ́ńbà fóònù pàápàá. Ẹ̀yìn pátápátá, lábẹ́ síìlì tí òjò ti jẹ, ni iṣẹ́ àwọn àgbà wà. Mo ka káàdì wọn. Mọ́kànlá nínú wọn ló sọ pé a kò mọ ẹni tó ṣe é.

Àmù Màmá wà nínú gíláàsì. Ọmọbìnrin kan dúró tì í, amọ̀ gbígbẹ wà lára aṣọ rẹ̀. Lórí tábìlì tirẹ̀, tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì náà dípò ẹnu ọ̀nà, ni àmù kéékèèké márùn-ún wà. Ìlà mẹ́ta ló wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkẹrin dé ìdajì, ó dúró.

“Ta ló fún ọ ní ìlà yìí?” Mo mọ̀ pé ohùn mi lọ sókè.

Ó kúnlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, mà. Tómi lorúkọ mi. Ara eléyìí ni mo ti kọ́ ọ, mà. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni.”

“O kọ orúkọ tìrẹ gàdàgbà, o wá kọ ‘a kò mọ̀’ sí ti ẹni tó o jí iṣẹ́ rẹ̀ wò?”

“Mo wá orúkọ yẹn tì, mà,” ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Mo mọ ìka wọn. Tẹ́ ẹ bá wo inú ètè àmù yẹn, ibi tí àtàǹpàkò wọn tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ nìkan ni mi ò rí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ rọ̀ mí nínú, ṣùgbọ́n n kò gbà fún un. Mo ní kó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ ni olùtọ́jú ibẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ń hewú. Ó ka lẹ́tà mi lẹ́ẹ̀mejì. Kò jiyàn. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé ìwé ńlá kan tí eruku bò jáde, ibi tí wọ́n lẹ fọ́ọ̀mù gbogbo ohun tí wọ́n kó wá mọ́. Ó ṣí i, ó yí i sọ́dọ̀ mi.

Níbi tí wọ́n ti béèrè ìlú, ẹnìkan kọ “Ìjarè, lẹ́bàá Àkúrẹ́.” Níbi ìlò rẹ̀, “Omi mímu.” Níbi orúkọ ẹni tó ṣe é: “Ìyá ọkọ mi ni. A kì í pe orúkọ wọn.”

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Orúkọ mi àti ìfọwọ́sí mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí. Àwọn méjì gbé mọ́tò wá láti yunifásítì nígbà tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Màmá ní kí wọ́n máa gbé àmù náà lọ, Màmá fúnra wọn sì gba oko lọ. Èmi nìkan ni mo lè kọ fọ́ọ̀mù nínú ilé. Àwọn ìyàwó àgbà dúró lé mi lórí, wọ́n ń wo ẹnu mi bí àwọn àlejò náà ṣe ń béèrè orúkọ ẹni tó mọ ọ́n. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ìyá ọkọ. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, àjèjì láàárín wọn. Bí mo bá pè é, wọn ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Inú mi dùn sí ohun tí mo kọ nígbà náà. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ ní, “Èkìtì àti ẹbọ yẹn, àwa la kọ ọ́ láìwo ìwé yìí. Àlàyé orí ìlà yẹn náà, tiwa ni. Ẹ má bínú, mà.” Kò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sùn kìíní, ti orúkọ tí wọn kò kọ. Mo mú bírò, mo fagi lé e fúnra mi.

“Orúkọ wọn ńkọ́ báyìí, mà?” Tómi ti mú káàdì tuntun lọ́wọ́.

Mo ní kí wọ́n fún mi níwèé kí n kọ ọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ pè é. Èmi ni mo ń mú àwọn àlejò yípo. Mo fẹ́ máa pè é bó ṣe yẹ.”

Kò sí ìyàwó àgbà kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ mo kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Mo wo àmù náà, mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀, mo sì pè é: “Ìbírónkẹ́.” Tómi pè é tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀mejì.

N kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi lẹ káàdì náà. Ìlà tó gbẹ̀yìn lórí rẹ̀ sọ pé: “Ìlà kẹrin kò pé nítorí pé ìyàwó ilé ń rọbí.” Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ ṣèlérí pé òun á tú ìwé ńlá yẹn wò fún àwọn mẹ́wàá tó kù. Mo sọ fún un pé màá padà wá wò ó.

Òjò ká wa mọ́ Òwẹnà nígbà tí mò ń bọ̀. Mẹ́rin náà la tún jókòó. N kò bá dírẹ́bà wí. Mò ń rò ó pé mélòó nínú àwọn mẹ́wàá yẹn ló jẹ́ pé irú èmi báyìí ni wọ́n bi léèrè: ọmọ dáadáa, ìyàwó dáadáa, tó bọ̀wọ̀ fún àgbà títí orúkọ àgbà fi sọnù.

Màmá jókòó sí pálọ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo fún wọn ní bọ̀ọ̀lì tó kù. Mo sọ ohun gbogbo, n kò fi ti fọ́ọ̀mù náà pamọ́. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn ní, “Ta ló wá pè é fún wọn?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ìwọ?” Wọ́n gbé bọ̀ọ̀lì sílẹ̀. “Pè é kí n gbọ́.”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ìbírónkẹ́.”

Wọ́n gbórí sókè, wọ́n kọjú sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé bí ọmọdébìnrin tí ìyá rẹ̀ pè nídìí amọ̀.

“Mo ń bọ̀ o!”