Òdo Méjì Lára Pátákó Káfíńtà

Àṣìṣe tí káfíńtà náà ṣe kéré: ó gbé òdo kọ́ síbi tó yẹ kí mẹ́wàá wà. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà káàkiri ti fi iyọ̀ sí i. Àwọn kan ní ó ti mutí yó. Kò mutí, omi lásán ló wà nínú ike tó gbé gun àkàbà. Àwọn mìíràn ní ó ti sùn lọ. Ta ló lè sùn níbi tí ariwo ti ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sórí páànù? Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyí.

Nígbà tí wọ́n gbé ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin láàárín orílẹ̀-èdè wá sí ìlú wa, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo agbègbè yìí, pápá ìṣeré kò ní pátákó tí wọn yóò máa fi àmì ayò hàn. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje ránṣẹ́ sí káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí, tí yóò sì máa wá a kiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó béèrè iye nọ́ńbà tí òun yóò gé.

"Òdo títí dé mẹ́sàn-án," ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ dá a lóhùn.

"Tó bá wá ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?"

"Ọ̀gá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń bọ̀ wá gbá, wọn ò wá ka àgbàdo."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ó gé òdo dé mẹ́sàn-án fún apá kọ̀ọ̀kan, ó kan ìkọ́ irin gígùn kan fún onílé, ó kan òmíràn fún àlejò, ó sì gbà láti máa yí nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọbìnrin orílẹ̀-èdè tó wà ní òdìkejì odò, tí àwa àtiwọn jọ ń sọ èdè kan náà, wá bá àwọn tiwa, wọ́n sì nà wọ́n bí ẹni ń na aṣọ òfì. Nígbà tí ayò kẹsàn-án wọlé, àwọn ará ilé gan-an ti ń pàtẹ́wọ́ fún àlejò. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rọ́pò ẹlòmíràn tún gbá ọ̀kan wọlé. Olùrànlọ́wọ́ rẹfirí na àsíá sókè. Rẹfirí sáré lọ bá a, wọ́n sọ̀rọ̀, ó sì yí padà, ó nawọ́ sí àárín pápá. Òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́sẹ̀ àkàbà pariwo sókè: "Wọ́n gbà á wọlé o! Mẹ́wàá!"

Káfíńtà wo ìkọ́ kan ṣoṣo tó kàn fún àlejò. Ó wo àwọn nọ́ńbà tó wà nínú àpò tó fi kọ́rùn. Ó yọ mẹ́sàn-án, ó gbé òdo kọ́. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọ̀gá Òmì, nítorí pé pátákó rẹ̀ ní òdo sí òdo ni, kò sẹ́ni tó na ẹnikẹ́ni.

"Mẹ́wàá, ọ̀kan àti òdo ni," ni ó máa ń wí bí wọ́n bá bi í. "Ìkọ́ kan ni mo ní. Mo rò pé ẹni tó bá lójú á fi ọ̀kan sí i níwájú fúnra rẹ̀."

Kò bínú sí orúkọ náà. Ohun tó ṣe é ni pé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà wọ̀ ọ́ lára. Bí wọ́n bá ń fi ìdíje ńlá hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ibi tí wọ́n ń kọ àmì ayò sí ló máa ń tẹjú mọ́. Ṣé wọ́n ti gbá mẹ́wàá rí níbòmíràn? Báwo ni wọ́n ṣe kọ ọ́? Ta ló kọ́kọ́ ronú láti ṣe ìkọ́ méjì? Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Bàbá wọn, àwọn èèyàn ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin ń wo pákó."

Irun rẹ̀ ti funfun tán nígbà tí obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ń tiro nítorí orúnkún kan. Káfíńtà rò pé àga ló fẹ́ rà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni Ọ̀gá Òmì?"

"Ìyáàfin, bí ẹ bá wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó sinmi ná."

"Mi ò wá ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá. Èmi ni mo gbá ìkẹwàá."

Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀.

Obìnrin náà ti di ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó ní àjọ tó ń tọ́jú ìtàn ìdíje náà ń ṣe ìwé kan nípa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: ẹni tó kọ́kọ́ gbá ayò wọlé, gólì tó kọ́kọ́ mú pẹnáritì, àti ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gbá mẹ́wàá. Wọ́n fún ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní mẹ́sàn-án. Ìwé tí rẹfirí kọ ti sọnù, rẹfirí fúnra rẹ̀ sì ti kú. Ìwé ìròyìn kan ní wọ́n fagi lé ayò tó gbẹ̀yìn nítorí àsíá. Èkejì gbé fọ́tò jáde, níbi tí pátákó ti fi òdo méjì hàn lẹ́yìn àwọn ọmọbìnrin tó gbé ọwọ́ sókè. Àjọ náà ní kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ya ìyẹn.

"Ayò kan ṣoṣo ni mo gbá wọlé fún orílẹ̀-èdè mi láyé mi," ni obìnrin náà wí. "Eré tó tẹ̀ lé e ni orúnkún mi yẹ̀, ó parí. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, a jẹ́ pé aṣọ lásán ni mo lọ wọ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé nọ́ńbà kọ́, bàbá. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Ta ni mi ò tíì sọ fún? Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín."

"Pátákó náà dà?"

Ìyàwó káfíńtà, tó ti gbọ́ ohùn àlejò tó sì ti yọjú, ló dáhùn: "Ikán ti jẹ ẹ́ tipẹ́. Èyí tí ikán jẹ kù, a fi dáná."

Obìnrin náà yọ fọ́tò jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹni tó yà á dúró sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà pátákó fi ẹ̀gbẹ́ hàn díẹ̀. Wọ́n wò ó títí. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí òdo onílé fi yọ síta báyìí, tí tiwa sì lẹ̀ mọ́ pátákó?"

Káfíńtà gba fọ́tò, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àjákù pákó nílẹ̀. Ó dá ihò sí wọn lórí, ó kan ìṣó gígùn méjì mọ́ ògiri, ó sì kó pákó náà kọ́ sórí wọn, ọ̀kan níwájú èkejì.

"Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo nọ́ńbà ti wà lórí ìkọ́. Òdo ló wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn rẹ̀, títí dé mẹ́sàn-án tó fara ti pátákó. Bí ayò bá wọlé, màá yọ ti iwájú sínú àpò." Ó ń yọ wọ́n lórí ìṣó kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀, títí ìṣó fi ṣófo. Ó wá mú pákó kan péré, ó gbé e kọ́ padà. Pákó náà lẹ̀ mọ́ ògiri pẹlẹbẹ.

Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Háà! Àwọn tiwa ò gbá nǹkan kan wọlé, òdo tiwa ṣì kó gbogbo àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn. Tàlejò ti dá wà!"

"Ká ní eré ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni," ni káfíńtà wí jẹ́ẹ́jẹ́, "méjèèjì ni ì bá nípọn."

Obìnrin náà jókòó sórí àga tí wọn ò tíì fá tán, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Èmi tí mo ń sọ ìtàn yìí, aládùúgbò wọn, ni mo bá wọn kọ lẹ́tà sí àjọ náà. Káfíńtà fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó lọ ra pákó. Mo gé ìyẹn kúrò. A fi fọ́tò ìṣó méjèèjì àti àjákù pákó sí i. Àjọ náà lọ wá fọ́tò àtijọ́ náà rí nílé ìwé ìròyìn, wọ́n mú un tóbi sí i, òdo onílé sì yọ síta ketekete pẹ̀lú òjìji tó nípọn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n yí mẹ́sàn-án padà sí mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n sì tún ìwé náà yẹ̀ wò, wọ́n rí ohun kan tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀: kò sí àrọ́pò kankan tó gbá ayò wọlé nínú ìdíje náà ṣáájú rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í lò. Kò sẹ́ni tó purọ́ lórí iye ayò náà. Òdo tí káfíńtà gbé kọ́, òótọ́ ni. Kò kàn pé ni.

Àwọn obìnrin òdìkejì odò tó gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà lọ́hùn-ún ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá àwọn ṣe irú pátákó náà sí yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ àti bàtà wọn àtijọ́ sí. Ó kó ayùn rẹ̀, ó lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí a gbúròó wọn kẹ́yìn, yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì obìnrin náà, ní òdìkejì odò, ni wọ́n ń gbé, káfíńtà sì ń kan bẹ́ǹṣì fún pápá tí àwọn ọmọbìnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù.