Géèmù Tí Kaosarah Kò Rí Àyè Kà

Nígbà tí Màámi yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ní ibùdókọ̀ kan ní Downsview nílùú òyìnbó, tí eegun ìbàdí wọn sì dá, Kaosarah ni gbogbo ẹbí kọ́kọ́ wò lójú. Àlímì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Bowmanville, kò tilẹ̀ fi bò. Ó ní, "Èmi níyàwó, mo bímọ. Ìwọ nìkan lo wà bí o ṣe wà." Bí Kaosarah ṣe kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé tí òun àti Ṣìmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń gbé nìyẹn, tó lọ bá Màámi nínú fúláàtì oníyàrá kan. Màámi ń sùn ní yàrá, òun ń sùn lórí àga pálọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Woodbridge ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń sọ fún àwọn awakọ̀ ibi tí wọ́n máa já ẹrù sí. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa ṣe é láti ilé. Gbogbo èèyàn ló ní ọ̀gá náà ṣàánú rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé àlọ àti àbọ̀ Woodbridge yẹn gan-an ló kù tí Kaosarah fi ń mí.

Eegun Màámi jinná, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò kúrò lára wọn. Bí Kaosarah bá wọ ilé ìwẹ̀, wọ́n á pè é. Bó bá lọ kó aṣọ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ nísàlẹ̀ ilé, fóònù á dún: "Kaosarah, ṣé o ti ń bọ̀?" Wọn kì í bínú. Ohùn tútù ni wọ́n fi ń pè é, ohùn tútù yẹn ló sì le jù, torí kò sí bí èèyàn ṣe lè bá a jà.

Ṣìmí ló sọ fún un nípa géèmù náà, géèmù ìfẹ́ kan tí àwọn ará Japan ṣe. Kì í ṣe ti ìbọn tàbí ti bọ́ọ̀lù. Ńṣe ni èèyàn ń kà á bí ìwé, tòun ti àwòrán àti orin. Bàbá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Natsuho kú, ó fi ilé àlejò sílẹ̀ fún un ní erékùṣù kékeré kan. Dókítà kan ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, apẹja kan pẹ̀lú ń dẹnu kọ ọ́. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín, ẹni tó ń kà á ni yóò yan èsì tí Natsuho máa fọ̀, ìyẹn ló sì máa sọ ibi tí ìtàn á já sí.

"Èwo ni kí n rà?" Kaosarah bi í lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Mo rí i pé oríṣiríṣi ló wà."

Ṣìmí ní, "Ti orí tẹlifíṣọ̀n ló dùn jù, torí wọ́n ń sọ̀rọ̀ síta."

"Tẹlifíṣọ̀n wo? Èyí tí Màámi ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?"

"Ó dáa, ti fóònù ńkọ́?"

"Fóònù tí ọ̀gá ń pè, tí awakọ̀ ń pè, tí Màámi ń pè? Ṣìmí, please."

Ṣìmí rẹ́rìn-ín. "Gba ẹ̀rọ géèmù mi nígbà náà, ti kékeré tó ń wọ àpò. Ohun kan ni pé wọ́n ti gé nǹkan kúrò nínú ìyẹn. Nínú ti kọ̀ǹpútà, ọ̀nà kan wà tí Natsuho ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó ta ilé àlejò náà, ó wọkọ̀ ojú omi, ó bá tiẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é ní ẹni tó ra géèmù ìfẹ́, ìfẹ́ ló wá rà. Ni wọ́n bá yọ ọ́."

Kaosarah ní, "Ti kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́."

Ṣùgbọ́n kò síbi tó lè gbé kọ̀ǹpútà sí ju pálọ̀ lọ, pálọ̀ sì ni Màámi ń jókòó sí.

"Kí lò ń kà tó o fi ń dá rẹ́rìn-ín?" Màámi bi í.

"Ìtàn kan ni, Màámi."

"Kà á sí mi létí."

Kaosarah bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di Yorùbá fún wọn. Kò pẹ́, Màámi pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fa àga súnmọ́ ọn. Ibi tí ọ̀nà kọ́kọ́ ti pín, Màámi ti yan tiwọn: "Apẹja? Ẹni tí òkun lè gbé lọ nígbàkígbà? Rárá o. Dókítà ni." Kaosarah tẹ dókítà. Ìtàn ń lọ títí ó fi dé ibi tí ẹnì kan ti wá láti ìlú ńlá, tó ní òun fẹ́ ra ilé àlejò náà. Ṣé kí Natsuho tà á ni, àbí kó dúró?

"Kó dúró," ni Màámi wí lójú ẹsẹ̀. "Tó bá lọ, ta ló máa tọ́jú ilé bàbá rẹ̀? Ọmọ tó lójú àánú kì í lọ."

Ìka Kaosarah dúró gbọnin. Ó wo Màámi. Wọn ò wò ó. Ojú wọn wà lára àwòrán ọmọbìnrin náà, wọ́n ń mi orí bí ẹni pé ọmọ àdúgbò wọn ni. Kaosarah tẹ "dúró". Natsuho fẹ́ dókítà. Màámi pàtẹ́wọ́, wọ́n gbàdúrà kí Ọlọ́run fún Kaosarah ní irú rẹ̀. Kaosarah ní, "Àmín." Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi, ó sunkún títí wọ́n fi pè é.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń lọ ra mílíìkì. Ó gbé kọ̀ǹpútà sínú báàgì, ó sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí òtútù má pa á. Ó padà síbi tí ọ̀nà ti pín, ó tẹ "tà á". Fóònù dún. Kò gbé e. Ó tún dún. Ó da ojú fóònù délẹ̀ lórí àga. Natsuho ti ń rìn lọ sí èbúté nígbà tí fóònù dákẹ́, tí kò dún mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Kaosarah ò lè fara dà. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sáré gòkè.

Iwájú ẹlifétọ̀ ló ti bá Màámi, láìwọ bàtà, wọ́n di irin tí wọ́n fi ń rìn mú.

"Mo rò pé o ti lọ ni," ni wọ́n wí.

"Mo lọ ra mílíìkì ni, Màámi."

Màámi wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo.

Lọ́jọ́ náà ló pe Àlímì. "Bùọ̀dá mi, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò ní mo fẹ́ sá o. Ẹ sáà máa wá jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ Sunday." Àlímì wá ní Sunday kan. Kaosarah jáde, ó wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó jókòó sínú rẹ̀ títí dé òpin ọ̀nà, ó sì bá a padà, torí kò mọ ibi tó tún fẹ́ lọ. Sunday kejì, Àlímì ní wọ́n fi òun sí shift níbi iṣẹ́. Látìgbà náà, Àlímì ò pè mọ́ nípa Sunday.

Nígbà tó yá, Ṣìmí gbé ẹ̀rọ géèmù kékeré náà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí àwọn lọ mu kọfí.

Kaosarah bojú wẹ̀yìn. "Ó di ọjọ́ mìíràn."

"O mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ò sí nínú èyí o."

"Mo mọ̀. Èyí ni mo lè gbé."

Ṣìmí dì mọ́ ọn, ó lọ. Kaosarah jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màámi. Kò pẹ́, Màámi sùn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì di etí aṣọ rẹ̀ mú. Kò já a gbà. Ó pa ohùn géèmù náà mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo dì í mú, ó ń kà á.